Àgbọn Méjìlá, Àwọ̀ Mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọlọ́gbà. Akóbọ̀ níbí ni mò ń gbé. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo ra àgbọn kúkúrú méjìlá lọ́wọ́ ẹnìkan tó máa ń kó wọn wá láti Àgbádárìgì. Aláwọ̀ ìyeyè ni gbogbo wọn, ojú mi ló ṣe. Mọ́kànlá ló hù. Ọ̀pá imọ̀ méje nínú wọn pọ́n bí ìyeyè, bí mo ṣe fẹ́. Mẹ́ta jẹ́ búráùn, ó ń fà sí àwọ̀ ewé. Ọ̀kan tó hù kẹ́yìn wá funfun bí ẹ̀kọ tútù. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣé ó ti fi ayédèrú kún un ni? Ìkejì, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ewé ìsàlẹ̀ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ti ń pupa. Ìyá ọkọ mi ní eérú ló ń mú ewé àgbọn tutù, nítorí náà mò ń da eérú sínú ọ̀rá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ńṣe ló túbọ̀ ń burú. Mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ta ko màmá.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà, kò rẹ́ yín jẹ. Èèpo lẹ fojú rí, èèpo àgbọn sì jẹ́ ti ìyá nìkan. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ni ìyá àti bàbá jọ ni, ẹ kò sì lè rí ìyẹn lọ́jà.

Àgbọn kúkúrú sábà máa ń fi ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀ gba oyún, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi máa ń jọ ọ́. Ṣùgbọ́n àgbọn gíga pọ̀ ní Àgbádárìgì bí ilẹ̀ bí ẹní, oyin àti atẹ́gùn kò sì mọ ibi tí ọgbà ẹnìkan parí sí. Bí ìyẹ̀fun àgbọn gíga bá kan òdòdó àgbọn kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè, ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá kì í pọ́n bí ìyá rẹ̀. Búráùn ni yóò jẹ́, tàbí kó ní àwọ̀ ewé. Mẹ́ta yín nìyẹn.

Àwọn kan tiẹ̀ ń fi owó wá irú rẹ̀. Ní Port-Bouët ní Ivory Coast, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àgbọn kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè ti Malaysia ṣe ìyá, wọ́n fi àgbọn gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe bàbá, wọ́n sì pe ọmọ rẹ̀ ní PB 121. Tí irúgbìn bẹ́ẹ̀ bá hù, àwọ̀ ọ̀pá imọ̀ ni wọ́n fi ń ṣà á. Èyí tó bá pọ́n bí ìyeyè ni wọ́n ń yọ dànù, torí ìyẹn ti gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ń fura sí ni àwọn yẹn ń wá kiri.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí, tèmi tiẹ̀ burú ju tiyín lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta igi lẹ́bàá títì ní Àpáta, mo hu ogójì àgbọn. Mẹ́sàn-án jẹ́ búráùn. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ sẹ́yìn ilé, mo ní wọ́n ti bàjẹ́. Bíríkìlà tó ń bá aládùúgbò mi mọ fẹ́ǹsì bẹ̀ mí pé kí n fún òun. Mo ní kó máa kó wọn lọ, ó gbé wọn sórí ọ̀kadà lọ sí Mọ́níyà, ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún kẹfà, ó gbé àpò àgbọn kan wá kí mi. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì jẹ ẹ́. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára mi.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín, a kò mọ bàbá àwọn mẹ́ta yín, nítorí náà mi ò ní kí ẹ máa pè wọ́n ní PB 121 fún aládùúgbò. Ohun tó dájú ni pé wọn yóò ga ju àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn lọ, wọn yóò sì fẹ́ ààyè. Ẹ má gbìn wọ́n sábẹ́ wáyà iná. Ẹ fi bíi mítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án sí àárín wọn. Àgbọn kúkúrú lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn wọ̀nyí yóò pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti funfun yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kò ní àwọ̀ ewé tí igi fi ń gba oòrùn se oúnjẹ. Nǹkan rírọ̀ bíi fóòmù tó wà nínú àgbọn tó ti hù, èyí tí àwọn ọmọdé ń jà sí, òun ló ṣì ń bọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìyẹn bá tán ni tirẹ̀ náà tán, ajílẹ̀ kankan kò sì lè gbà á là. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà funfun kàn là á láàárín àwọ̀ ewé ni, ǹ bá ní kí ẹ mú sùúrù fún un. Bó ṣe funfun látòkè délẹ̀ yìí, ẹ là á kí àwọn ọmọ yín jẹ inú rẹ̀ nígbà tó ṣì kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ eérú. Ẹ jáde ní ọ̀sán, kí ẹ wá ibi tí ewé kan ti bo òmíràn ní ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé ti òkè kúrò. Bí ibi tí oòrùn ń pa bá pupa, ṣùgbọ́n tí ibi tí ewé bò ṣì tutù yọ̀yọ̀, magnesium, ọ̀kan lára oúnjẹ tí gbòǹgbò ń fà nínú ilẹ̀, ló ń wá. Ewé àgbà nìyẹn máa ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀, nítorí igi ń fà á jáde níbẹ̀ fún màrìwò tó ń bọ̀. (Bó bá jẹ́ màrìwò ló pupa tí ewé àgbà sì dára, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ iron tí gbòǹgbò kò rí gbà. Bó bá sì jẹ́ ṣóńṣó ewé nìkan ló gbẹ, ọyẹ́ ni, ẹ bomi rin ín.)

Màmá kò parọ́. Potassium, oúnjẹ igi mìíràn, pọ̀ nínú eérú, àgbọn sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ nínú ọ̀rá kékeré, bí potassium bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí magnesium gbà. Bí ẹ ṣe ń da eérú sí i ni ẹ ń fi ebi ọ̀kan pa á níbi tí ẹ ti ń fi èkejì bọ́ ọ yó.

Ẹ dá eérú dúró. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan inú ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì, kó máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra Epsom salt, iyọ̀ tó ní magnesium nínú, ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹ po ṣíbí tíì kan mọ́ omi lítà kan, kí ẹ máa bu díẹ̀ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ewé tó ti pupa kò ní tutù padà, màrìwò tuntun ni kí ẹ máa wò. Ẹ má sì gé ewé pupa náà kúrò kó tó gbẹ fúnra rẹ̀, igi ṣì ń rí nǹkan fà jáde lára rẹ̀.

Eérú màmá, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ máa dà á sí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa bá yín ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò gbà á tayọ̀tayọ̀, inú màmá yóò sì dùn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, mo he ekùrọ́ lójú ọ̀nà oko wa ní Ìdó, mo gbìn ín, ó hù. Ewé rẹ̀ kò ya bí imọ̀ ọ̀pẹ, pẹlẹbẹ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀pẹ Ifá ni, kí n má tà á. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ti yára jù. Bí gbogbo ọ̀pẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ewé àkọ́kọ́ máa ń rí pẹlẹbẹ bí ọ̀kọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e á là sí méjì lórí, kí imọ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Irú ọ̀pẹ kan wà lóòótọ́ tí imọ̀ rẹ̀ kì í ya títí tó fi dàgbà, ṣùgbọ́n ewé ọmọ oṣù mẹ́ta kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ní ti ikin, ojú tó wà lára ekùrọ́ ni àwọn awo máa ń kà, ẹ sì ti ri tiyín mọ́lẹ̀. Bó bá pé ọdún kan àbọ̀ tí kò tíì ya, ẹ kọ̀wé sí mi.