Ọdún mẹ́rin pẹ̀lú onígìtá: ṣé òfin ti sọ mí di ìyàwó rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́. Elégbè ni mí nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ní Kubwa, onígìtá ẹgbẹ́ náà sì ni olólùfẹ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni a ti jọ ń gbé, tí a sì jọ ń lọ ṣeré ní Kaduna, Jos àti Kano. Wọ́n ní òfin ti kà wá sí tọkọtaya, àti pé ìdajì orin rẹ̀ yóò jẹ́ tèmi bí a bá tú ká. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, kì í ṣe òótọ́. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń pe ara wọn ní olùdámọ̀ràn, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin láti sọ fún wọn pé iye ọdún tí wọ́n lò nínú ilé ọkùnrin ti di ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó. Oríṣi ìgbéyàwó mẹ́ta ni òfin Nàìjíríà mọ̀: ti ìbílẹ̀, ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àti èyí tí a ń pè ní ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù. Gbígbé pọ̀ kò sí nínú wọn, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́rin tàbí ogún ọdún.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Abala 166 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bí àríyànjiyàn bá délé ẹjọ́ lórí bóyá ọkùnrin àti obìnrin kan jẹ́ tọkọtaya ní ìlànà ìbílẹ̀ tàbí ti Ìsìláàmù, tí ẹ̀rí tó tẹ́ adájọ́ lọ́rùn sì fi hàn pé wọ́n jọ ń gbé bí ọkọ àti aya, adájọ́ yóò gbà pé ìgbéyàwó wà láàárín wọn, àyàfi bí ẹnìkan bá fi ẹ̀rí hàn pé kò sí. Àwọn olùdámọ̀ràn wa kì í kàwé dé ibi “àyàfi” yẹn. Obìnrin tí wọ́n ti ṣe ìdána rẹ̀, ṣùgbọ́n tí fọ́tò ti sọnù tí àwọn ẹlẹ́rìí sì ti kú, ni abala náà ń ràn lọ́wọ́. Kì í dá ìgbéyàwó tí kò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí bàbá rẹ bá jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun, ẹjọ́ rẹ ti fọ́. Fẹlá pàápàá, tí àwọn akọrin àti oníjó rẹ̀ jọ ń bá a gbé, kò sọ pé gbígbé pọ̀ ti tó: lọ́dún 1978, ó ṣe ayẹyẹ, ó sì gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti orin, bí o bá tilẹ̀ jẹ́ ìyàwó rẹ̀, kò sí òfin kan níhìn-ín tó ń dá dúkìá tọkọtaya sí méjì ọgbọọgba fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o tọ́ka sí. Òfin kọpíráìtì ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó kọ orin ló kọ́kọ́ ni ín. Ibi tí iṣẹ́ yín kò bá ti ṣeé yà sọ́tọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó bá kẹ́yìn kú nínú yín. Elégbè tó kàn gbe orin kò di òǹkọ̀wé rẹ̀. Nítorí náà, nísinsìnyí tí ìfẹ́ ṣì ń dùn, ẹ kọ ẹni tó kọ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì forúkọ àwọn orin náà sílẹ̀ ní Nigerian Copyright Commission, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí. Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí gidi ni.

Bí ẹ bá sì lọ ṣeré ní Kano, yàrá méjì ni kí ẹ gbà ní hòtẹ́ẹ̀lì, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí òfin Ṣàríà ibẹ̀ ka irú nǹkan yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, àwọn Hisbah, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń mú kí àwọn ènìyàn pa òfin Ṣàríà mọ́, kì í sì í fi í ṣeré.

N kò tíì rí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ yín, nítorí náà má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi nìkan pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mú ìwé náà lọ bá agbẹjọ́rò tí o lè jókòó tì. Bí ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ló wù yín, ẹ lọ fi ìfilọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, bí ẹnikẹ́ni kò bá takò ó, ẹ lè gba ìwé-ẹ̀rí, kí ẹ sì ṣe é níwájú ẹlẹ́rìí méjì kí oṣù mẹ́ta tó pé sí ọjọ́ ìfilọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi onígìtá rẹ ní ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá rí bàbá rẹ.