Ọṣẹ dúdú ń bó mi lójú

Ìbéèrè: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Mo po ọṣẹ dúdú tí mo rà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, mọ́ oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ojú ń ta mí bí ata, awọ sì ń bó. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Da àpòpọ̀ yẹn nù, ọmọ mi. Bí oòrùn bá pa omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ni lára, ó lè lé ròrò, kó sì dá àpá dúdú. (Ta ló tilẹ̀ kọ́ yín ní ti ọsàn yìí?) Ọṣẹ náà le láyè ara rẹ̀: eérú èèpo kòkó àti àdín la fi ń sè é, bí eérú bá ti pọ̀jù, á tani. Jẹ́ kójú sinmi, òrí nìkan ni kí o máa fi pa á. Tó bá jinná, bu ọṣẹ lásán bíńtín, ho ó látẹ́lẹ́wọ́, kọ́kọ́ fi dán apá wò.