Ṣé dandan ni dátà ká tó fi fóònù wá ìṣúra lórí Òkè Ìdànrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ mú àwọn ọmọ wa mẹ́ta gun Òkè Ìdànrè nínú ọlidé Kérésì. A fẹ́ ṣe eré tí wọ́n ń pè ní geocaching fún wọn: ká fi ike kékeré tí nǹkan wà nínú rẹ̀ pamọ́, kí wọ́n máa fi fóònù wá a. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró dáadáa lókè. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ₦15,000 lòun máa gbà láti so fóònù wa mọ́ sátẹ́láìtì kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ṣé ká san án? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé sátẹ́láìtì á máa rí ibi táwọn ọmọ mi wà. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá wa. Ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí nǹkan tí ọmọ yẹn fẹ́ so mọ́ nǹkan kan. Bí fóònù yín bá ti jẹ́ èyí tó ń fi máàpù hàn yín tẹ́lẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì ti wà nínú rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Irọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú. Awọnlẹ̀ ni mí, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi náà: pé sátẹ́láìtì ń wo èèyàn látòkè, ó wá ń ránṣẹ́ sí fóònù pé "ibi báyìí lo wà", àti pé dátà ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bí 30 ni sátẹ́láìtì GPS, ìyẹn àwọn tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà, tí Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú. Wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà sókè, aago tó péye gan-an sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń ké kò ju "ibi tí mo wà nìyí, ohun tí aago mi sọ nìyí" lọ. Fóònù á gbọ́ ọ, á wo bí ohùn náà ṣe pẹ́ lọ́nà tó, á sì fi mọ bí òun ṣe jìnnà sí sátẹ́láìtì yẹn tó. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin, á ṣírò ibi tó wà fúnra rẹ̀. Kì í dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ò mọ̀ pé ẹ ń dín àkàrà lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Sátẹ́láìtì náà ò mọ̀ pé àwọn ọmọ yín wà láyé.

Àwọn áàpù inú fóònù ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Àwọn ló ń gba ohun tí fóònù ṣírò, tí wọ́n á fi dátà gbé e síta. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ fún láyè láti mọ ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ èyí tí kò kàn. Áàpù tọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ fi ibi tẹ́ ẹ wà ṣe?

Kí ló wá dé tó fi ń jọ pé dátà ló ń ṣiṣẹ́? Máàpù ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwòrán rẹ̀ ti ń wá, torí náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ lè rí àmì búlúù tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn lórí ojú ewé tó funfun báláú. Ẹ gba máàpù agbègbè Ìdànrè sílẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀fẹ́ ni lórí Google Maps. Ìkejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ta fóònù lólobó nípa ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà, kó lè tètè rí wọn. Láìsí ìyẹn, ẹ dúró ní gbangba kẹ́ ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Sùúrù yẹn lẹni yẹn fẹ́ tà fún yín ní ₦15,000.

Ohun tí ẹ ò bèèrè ló máa dà yín láàmú jù. Fóònù kì í tọ́ka síbi kan pàtó. Níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, ó lè fi bíi mítà márùn-ún yẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta gàgàrà bíi ti Ìdànrè, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí àpáta á dí ohùn sátẹ́láìtì kan, òmíràn á sì kọ́kọ́ kọ lu àpáta kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. (Mítà márùn-ún jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16. Ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá fẹ́ fi fóònù wọn ilẹ̀ 50 sí 100 fún yín.) Ó tiẹ̀ ti sàn. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn náà jẹ́ fún aráàlú tẹ́lẹ̀, tó fi lè yẹ̀ tó 100 mítà. Inú oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà ìjọba Bill Clinton, ni wọ́n jáwọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé báàkẹ́ẹ̀tì pamọ́ sínú igbó ní Oregon, ó sì fi nọ́ńbà tí GPS fi ń tọ́ka sí ibẹ̀ síta. Eré tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí nìyẹn.

Nítorí náà, gbangba ni kẹ́ ẹ fi ike sí. Ẹ dúró níbẹ̀ títí nọ́ńbà á fi yéé fò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, bíi "abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ, lápá òsì igi". Táwọn ọmọ bá ti sún mọ́ ọn, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n fi ojú wá a. Ẹ ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ nọ́ńbà náà o: N 7° 06.500 (dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 6.5 ní àríwá) kì í ṣe 7.06500 (dígírì nìkan). Bí ọmọ bá tẹ ti ìkejì, ó ti gba apá gúúsù lọ ní kìlómítà márùn-ún dín díẹ̀.

Ní ti òkè fúnra rẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, àpáta náà sì ń yọ̀ tó bá tutù. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ọmọ kankan má kúrò lójú yín nítorí pé ó mú fóònù lọ́wọ́. Ẹ bá amọ̀nà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun pamọ́, ẹ má sì gbé e sí ààfin àtijọ́ tàbí ojúbọ kankan. Ìlẹ̀kẹ̀, pẹ́ńsù, nǹkan ìṣeré kékeré, gbogbo ìyẹn dáa nínú ike. Oúnjẹ kọ́ o, èèrà á ṣáájú àwọn ọmọ débẹ̀. Ẹ kó gbogbo ike yín padà kẹ́ ẹ tó máa bọ̀ nísàlẹ̀.