Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ewúrẹ́ Aláwọ̀ Ewé àti Àmì Ọgbọ́n Àtinúdá Lára Ọmọdé

Lẹ́tà mẹ́ta la yàn lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ohun kan náà ni àwọn tó kọ wọ́n fẹ́ mọ̀: báwo ni òbí tàbí olùkọ́ yóò ṣe dá ọgbọ́n àtinúdá mọ̀ lára ọmọ, tí kò fi ní pè é ní ìwà pálapàla?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin yóò pé ọdún 5 láìpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ìwé kan bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, olùkọ́ rẹ̀ sì ti fi bírò pupa fagi lé iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó kun ewúrẹ́ ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní koríko tí ewúrẹ́ náà jẹ ti pọ̀ jù, ó ti hàn sí i lára. Bí mo bá ra ohun ìṣeré fún un, á tú u palẹ̀. Agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ló fẹ́ràn láti máa fi ṣe mọ́tò. Ọmọ aládùúgbò wa, tí kò tíì pé ọdún 4, ń ka A títí dé Z láìṣì í, ó sì ti há Sáàmù 23 sórí. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ tèmi ń ya dìndìnrìn? Ọkọ mi ní kí a wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ohun tí ọmọ aládùúgbò yín ń ṣe dára, ṣùgbọ́n agbára ìrántí nìyẹn: ohun tí wọ́n kó fún un ló ń kó padà. Ti ọmọ yín yàtọ̀. Ó mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni koríko, ó mọ̀ pé ewúrẹ́ a máa jẹ koríko, ó wá so méjèèjì pọ̀ di ohun kẹta tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló kàn he pẹ́ńsù aláwọ̀ tó wà nítòsí tó sì fi kun ún, ohun mìíràn ni mi ò bá sọ. Àlàyé tó ṣe ló fi hàn pé ó ronú sí i. Ẹ ṣeun tí ẹ bi í léèrè kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ó dà bíi pé olùkọ́ rẹ̀ kò bi í.

Láti nǹkan bí oṣù 18 ni ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré àṣebí: á gbé ife òfìfo sẹ́nu bí ẹni ń mumi, á gun igi gbọọrọ bí ẹni gẹṣin. Láàárín ọdún 3 sí 4, ènìyàn tó bá yà sórí ìwé sábà máa ń jẹ́ orí roboto kan tí ẹsẹ̀ méjì yọ lábẹ́ rẹ̀, kò níkùn, kò láyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ káàkiri ayé ló ń yà á bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ̀, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ sunkún. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni ohun tí ọmọ bá fi ti ara rẹ̀ kún èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ tó yí òfin eré bojúbojú padà nítorí pé àwọn tó ń ṣeré kò pọ̀ tó, tí àwọn yòókù sì gbà fún un, ti fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń bèèrè pé bí òjò bá ń ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè ńkọ́, tí kò sì jẹ́ kí ẹ sinmi títí ẹ ó fi dáhùn.

Àlọ́ àpamọ̀ wà lára ibi tí èyí ti ń hàn jù lọ, ó sì dùn mí pé a ti fẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń pa á fún àwọn ọmọ pé, “Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Gbogbo wa la mọ̀ pé omorógùn ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ní síbí tí bàbá òun fi ń ro tíì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo lé e lórí pé kò gbà á, ó sì panu mọ́. Ẹ sì tún un wò: omi tíì gbóná, ó ń hó, síbí sì ki orí bọ̀ ọ́. Kí ni ọmọ náà kò gbà? Àgbà tó bá wà níbẹ̀ tó bi í pé “báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?” yóò gbọ́ àlàyé tó já gaara. Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ tirẹ̀, èyí tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bí kò bá gún régé.

Ní ti mọ́tò agolo, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan. Bó bá fi ìdérí ìgò ṣe táyà, tó rí i pé kò yí, ṣé ẹkún ló máa sun ni, àbí á lọ wá bàtà sílípáàsì tó ti já, á ní kí ẹ bá òun gé e roboto? Ọmọ tó ń wá ọ̀nà kejì fúnra rẹ̀, tó sì lè wà nídìí ohun kan ṣoṣo fún àkókò gígùn láìsí ẹni tó rán an, kì í ṣe dìndìnrìn. (Ẹ bá a fi òkúta tẹ etí agolo náà wọnú, kó má baà gé e lọ́wọ́.) Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń ba nǹkan jẹ́ ló ní ọgbọ́n àtinúdá o. Èyí tó tú rédíò kó lè rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó là á mọ́lẹ̀ nítorí pé inú ń bí i.

Kí n tó kúrò lórí lẹ́tà yín, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kí wọ́n ní sùúrù. Kíkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ohun burúkú. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìlá Ọ̀ràngún ni Lamidi Fakeye ti jáde, ó sì tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 5 kò tíì dé ìdí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kódà, nígbà tí Ulli Beier, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, àti Georgina Beier tó jẹ́ ayàwòrán ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti yàwòrán ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn bíi Muraina Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti Twins Seven-Seven, tí wọ́n ti dàgbà ju ọmọ yín lọ dáadáa, wọn kò gbé àwòrán ẹlòmíràn síwájú wọn pé kí wọ́n dà á kọ. Ọ̀dà ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì fún wọn láàyè.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 4, ní ọ̀rẹ́ kan tí ojú wa kò tó. Dandan ni kí a bu àmàlà ti ọ̀rẹ́ náà sọ́tọ̀ bí a bá ń jẹun. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní emèrè ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní irọ́ ló ń pa, kí a nà án. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Bàbá ọmọ, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe nà án. Nínú ìwádìí tí Marjorie Taylor, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ náà tó ti ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó kọjá ọdún 7. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ̀ dájú pé eré ni. Ẹ fi wẹ́rẹ́ sọ fún un pé ẹ fẹ́ jókòó sórí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀rín. Ọmọ tó lè dá ẹnìkan sílẹ̀, tó fún un lórúkọ, tó mọ oúnjẹ tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, tí kò sì gbàgbé lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ọpọlọ tí kò kéré ló ń ṣe.

Màmá kò ṣàdédé sọ ohun tí wọ́n sọ. Láyé tí ikú ọmọdé pọ̀ rẹpẹtẹ, ọmọ tó ń bá ẹni àìrí sọ̀rọ̀ yẹ kó já àgbà láyà. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n máa pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọ náà lálaalẹ́, kí wọ́n dúró lágbedeméjì, kí ọmọ sì parí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ọ̀rẹ́ náà bá ń dẹ́rù bà á, tàbí tó ń ní kó ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tí ọmọ kò fẹ́ bá ènìyàn gidi ṣeré mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìdánwò kan wà tí mo lè fi mọ àwọn ọmọ tó ní ọgbọ́n àtinúdá ní kíláàsì mi? Ṣé ó sì dára kí n máa fún ẹni tó bá yàwòrán dára jù lọ ní ẹ̀bùn? (Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ìdánwò wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí E. Paul Torrance ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1966. Wọ́n á fa ìlà kan tí kò parí síwájú ọmọ, wọ́n á ní kó sọ ọ́ di àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo bí èrò rẹ̀ ti pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó, bóyá ẹlòmíràn kì í sábà ronú kan irú rẹ̀, àti bó ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó. Ẹni tó kọ́ ọ ló yẹ kó fún ọmọ ní máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yá ọgbọ́n rẹ̀ lò: ẹ ya ìlàjì òṣùpá sórí pépà ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tí yóò dà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fún wọn ní máàkì.

Ti ẹ̀bùn ló kọ mí lóminú jù. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ tó ní ríbọ́nì fún apá kan kí wọ́n tó yà á; wọ́n fún apá kejì ní tirẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán; apá kẹta kò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí oníkálùkù láǹfààní láti ṣe eré tó wù ú, àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún ni ọwọ́ wọn rọ jù lọ nídìí àwòrán.

Nítorí náà, ẹ lẹ iṣẹ́ gbogbo kíláàsì mọ́ ògiri níbi tí ojú àwọn ọmọ lè tó o, kí ẹ kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa àwòrán rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ní èdè tó fi sọ ọ́. Bí owó pépà bá jẹ́ ìṣòro, ẹ bá àwọn òǹtẹ̀wé àdúgbò yín sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń dá pépà tó ṣì mọ́ lẹ́yìn nù, ẹ kàn mú àpò dání lọ.