Ààrò búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé: ẹ ṣọ́ra fún sìmẹ́ńtì

Àǹtí Òkè-Bàálẹ̀, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ààrò onígi sẹ́yìnkùlé láti máa yan búrẹ́dì tà, ẹ wá ń béèrè ibi tó yẹ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Kí n tó débẹ̀: ta ni bíríkìlà yín?

Torí bíríkìlà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di onígbèsè. Mo ní kó lo amọ̀, ńṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ní amọ̀ ti di ti ayé àtijọ́, pé òun ti kọ́ ilé alájà ní Ògo-Olúwa. Ilé alájà! Ta ló ń dáná igi sí pálọ̀ ilé alájà? Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ koná mọ́ ọn dáadáa, orí ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi gúgúrú. Omi wà nínú sìmẹ́ńtì. Tí iná bá mú un, omi yẹn á di ooru, tí kò bá wá rọ́nà, á fọ́ ògiri jáde. Èyí tí kò fọ́ á máa rọ̀, á máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí búrẹ́dì. Oníbàárà tó bá jẹ yanrìn lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Ìyẹ̀fun tí a ti pò sílẹ̀ wú títí ó fi kan, mo dà á nù. Owó àjọ mi ni o! Mo pe bíríkìlà, ó ní iná mi ló pọ̀ jù.

Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ. Kí ẹnu rẹ̀ má ga tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga inú rẹ̀, kí ooru má baà sá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, iná kékeré ṣáájú ńlá, ìyẹn ẹ mọ̀.

Àwọn wolé-wolé ńkọ́? Ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó mọ ọ́n, wọn á ní ọ̀gá ò sí nílé. Ẹ mọ ọ́n tán, gbogbo ọ̀gá á jọ dé pẹ̀lú ìwé, pé èéfín ń wọlé aládùúgbò. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Èéfín yìí ló mú mi rántí ìbéèrè yín. Ní Òṣogbo, afẹ́fẹ́ àsìkò òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá. Kí afẹ́fẹ́ méjèèjì má baà fẹ́ wọ ẹnu ààrò tààrà, ẹ kọ ọ́ sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù-ìlà-oòrùn, níbi tí kò bá sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fi páànù bò ó, ẹ má mọ ògiri yí i ká. Èéfín kan wà tí ń ti ara ẹ̀yinná jáde, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Kí ọmọ tó ń bá yín yan búrẹ́dì lóru má sùn síbẹ̀ nítorí òtútù.

Ẹ má ra igi tútù. Ẹ rà á lọ́gbẹlẹ̀, ẹ là á, ẹ tò ó síbi tójò ò dé. Igi àyìn ń jó gbóná, ẹ̀yinná rẹ̀ sì ń pẹ́. Pákó tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán sí, èèwọ̀ ni, oúnjẹ lẹ ń sè. Bí ọmọkùnrin kan bá sì ní òun á bá yín kó igi olówó pọ́ọ́kú wá láti igbó Ọ̀ṣun, ẹ lé e dànù. Láti 2005 ni UNESCO ti fi igbó yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, àwọn olórìṣà gan-an ò sì ní gbà fún un.

Báwo ni ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ fẹ́ máa yan lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó? Ẹ sọ ọ́, kí n lè sọ bí inú ààrò ṣe yẹ kó fẹ̀ tó.