Èèpo ẹ̀gẹ́ ló pa ewúrẹ́ yín, kì í ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mo ń ṣe, ní ìtòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí wákàtí kan tó pé. A ti so wọ́n mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, nítorí ọkùnrin tó dáko ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé wa ti búra pé bí òun bá tún rí wọn nínú oko òun, ohun tí ojú mi bá rí ni kí n fara mọ́. Ìrọ̀lẹ́ tí a bó ẹ̀gẹ́ tán la tó tú wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni èyí tó dàgbà jù bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ló bá ṣubú, ó ń ta ẹsẹ̀. Mo rọ epo pupa sí i lẹ́nu, àfi bó ṣe kú. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wọn tó ṣì ń mu ọmú kò ṣe nǹkan kan. Láti ayé ìyá mi ni ewúrẹ́ wa ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, kò pa wọ́n rí. Ṣé kì í ṣe ọkùnrin yìí ló fún wọn ní májèlé? A sin méjì, àmọ́ àwọn ọmọkùnrin kan gbé ìkẹta lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ yan án jẹ. Ṣé kò léwu? Oògùn wo ni kí n máa tọ́jú sílé? Báwo ni kí n sì ṣe tọ́ àwọn ọmọ tó kù? Ìyá Elégàrí.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú àdánù o. Ewúrẹ́ mẹ́ta kì í ṣe owó kékeré láyé tá a wà yìí. Kí Ọlọ́run fi dípò ẹ̀mí.

Kí ẹ tó gba ilé ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹnu ara yín sọ wò. Ẹran tó wà lórí ìso láti àárọ̀, ìgbà wo ló ráyè dé oko olóko? Ẹ sì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bó ẹ̀gẹ́ ni. Ebi ti pa wọ́n di ìrọ̀lẹ́, ẹ wá tú wọn sílẹ̀ síbi òkìtì èèpo tútù. Àwọn tí ẹnu wọn tó èèpo ló kú, àwọn ọmọ ọmú tí kò tíì mọ èèpo jẹ kò ní nǹkan kan. Lójú tèmi, èèpo yẹn ni. Oró kan tó ń jáde láti inú ẹ̀gẹ́, tí à ń pè ní sáyánáìdì, ló pa wọ́n.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ kò ní sáyánáìdì lásán káàkiri ara rẹ̀. Ohun kan tó ń jẹ́ linamarin ló ní, èròjà mìíràn sì wà lọ́tọ̀ tó lè tú linamarin yìí palẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi ọ̀bẹ kàn án, tí eyín kò sì rún un, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Bí wọ́n bá ti pàdé, sáyánáìdì dé nìyẹn. Èèpo ló sì ní in jù, ó ju inú funfun tí ẹ fi ń ṣe gàrí lọ.

Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù, ìyẹn àwọn tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ni oró yìí ń tètè mú. Inú ṣàkì wọn kì í kan bíi ti ikùn wa, omi pọ̀ níbẹ̀, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń bá wọn jẹrà koríko náà sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí a tú linamarin palẹ̀ kíákíá, oró a sì rọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bíi míligíráàmù 2 sáyánáìdì fún kílò kan lára ẹran ti tó láti pa á. Ewúrẹ́ tó wọn kílò 25, míligíráàmù 50 ni tirẹ̀. Kílò kan èèpo ẹ̀gẹ́ kíkorò tó ṣì tutù lè ní míligíráàmù 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìlàrin kílò kan péré, tí ẹran bá fi ebi wọ́ ọ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin náà mọ bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa ṣe ń jẹun.

Ẹ ní kò pa wọ́n rí. Òótọ́ ni. Nígbà ayé ìyá yín, ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri. Koríko ti wà níkùn rẹ̀ kó tó dé ìdí èèpo, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣa á jẹ, èyí tó sì ń ṣa ti rọ nínú oòrùn. Ara ẹran ní ọ̀nà tó ń gbà sọ sáyánáìdì díẹ̀ di ohun tí kò léwu, kó sì tọ̀ ọ́ dànù, bí kò bá ti ya lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún wo ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ṣé ọwọ́ ẹni tí ẹ ti ń rà á tẹ́lẹ̀ lẹ ti rà á? Ẹ̀gẹ́ tí a lè sè jẹ kò rí bí èyí tó korò tí gàrí nìkan wà fún. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀dá bá nínú oko a sì máa ní oró ju èyí tí òjò rọ̀ sí dáadáa lọ.

Ní ti epo pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò sílé tí wọn kì í ti na ọwọ́ sí kèrègbè epo bí ẹran bá ti ṣubú. Epo pupa kò pa oró sáyánáìdì, kò sì pa oró ọ̀tapiápiá. Ẹran tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà inú ẹ̀dọ̀fóró lepo ń gbà lọ. Mo ti yẹ ẹran tó kú wò tí mo bá epo nínú ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí oró bá tiẹ̀ dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí, epo náà á tún dá àìsàn mìíràn sí i lára.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ (ká má rí i), ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wo èrìgì rẹ̀ àti abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Sáyánáìdì kì í dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn. Ara ni kì í jẹ́ kó lè lo ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá. Ẹran á máa mí bí ẹni pé afẹ́fẹ́ tán láyé, bẹ́ẹ̀ èrìgì rẹ̀ á pọ́n bí ata ṣọ̀mbọ̀. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni. Bí èrìgì bá dúdú tó fẹ́ jọ aró, tí omi ń dà lójú, tí ó ń yàgbẹ́ olómi, tí ó ń tọ̀ sára, tí ẹran ara rẹ̀ ń jó wìrìwìrì, tí ẹyinjú dúdú inú ojú rẹ̀ sì súnkì bí ojú abẹ́rẹ́, oògùn kòkòrò ni ká fura sí. Ìgbà yẹn lẹ lè wá bi ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé kí ló fọ́n sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o.

Ẹ tètè fà á kúrò nídìí èèpo, àmọ́ ẹ má lé e sáré, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa wọ́ ọ kiri. Ẹ mú kó fi àyà lé ilẹ̀, kí orí rẹ̀ wà lókè, kó má fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ki ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn rẹ̀ wà. Sodium thiosulphate la ń pè é, inú iṣan ọrùn la ń gbà fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Míligíráàmù 500 fún kílò kan lára ẹran ni. Fún ewúrẹ́ kílò 25, ìyẹn jẹ́ míllílítà 50 omi oògùn tó jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé wa ní ká kọ́kọ́ fún un ní sodium nitrite, míligíráàmù 10 sí 20 fún kílò kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nitrite fúnra rẹ̀ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ jà. Bí a kò bá ní òṣùwọ̀n, tí a kàn fi ojú wọn ẹran, ó lè parí ohun tí ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú abúlé, thiosulphate nìkan ni mo fẹ́, kí n sì fi kún un díẹ̀, títí dé míligíráàmù 660.

Àkókò ni ìṣòro ibẹ̀. Láti ìgbà tí ẹran bá ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ìṣẹ́jú ló kù, kì í ṣe wákàtí, ọ̀kadà tó gbé mi lè má tíì dé ìdajì ọ̀nà kó tó kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi lè lo wákàtí méjì, ó sábà máa ń yè é. Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ má gbàgbé ni àwọn tó bá wọn jẹ èèpo náà tí kò tíì ṣubú. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ìpè yín lè gbà là. A lè fún wọn ní thiosulphate kan náà lẹ́nu, kó ti inú ṣàkì pàdé oró.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí èèpo má tutù dé ẹnu ẹran. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọjọ́ tí ẹ fi ń fi í pamọ́ sínú àpò kó lè kan náà ló ń lé oró jáde, fífún àti yíyan sì ń parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo èyí ṣe fún ẹ̀gẹ́ tí èèyàn ń jẹ, ẹ ṣe díẹ̀ níbẹ̀ fún èèpo. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì, ẹ máa yí i, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí oòrùn bá mú, títí tí yóò fi máa dá páṣí bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Nígbà òjò, ìyẹn kò ní ṣeé ṣe dáadáa, èèpo tó bá sì ṣù pọ̀ nínú ọ̀rinrin á hu, èbu náà sì ní oró tirẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Ọ̀nà mìíràn tí àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ń kọ́ àwọn èèyàn ni kí a rin èèpo nínú ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, kí a dì í sápò, kí a fi jáákì fún un gbẹ, kí a wá sá a. Láàárín ọjọ́ kan tí oòrùn wà, ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù a máa fúnni ní tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Gbogbo ẹ̀rọ yìí ló wà lọ́wọ́ yín, owó sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń sin ẹran ń rà á.

Omi tó ń jáde lábẹ́ jáákì náà ńkọ́? Oró ló kún inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúró sójú ilẹ̀ níbi tí òùngbẹ ti lè mú ewúrẹ́ débẹ̀, ẹ má sì darí rẹ̀ sínú odò. Ẹ gbẹ́ ihò sí i, kẹ́ ẹ bò ó.

Ẹ bi mí ní oògùn tí ẹ lè tọ́jú sílé. Fún sáyánáìdì, kò sí. Abẹ́rẹ́ inú iṣan kì í ṣe ohun tí a ń fi sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran tó súnmọ́ yín lẹ óò tọ́jú. Ohun tí ẹ lè mú jáde nílé ni Sniper àti ọ̀tapiápiá. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, tó jẹ́ ojúlówó inú Sniper, nínú ìgò kékeré míllílítà 100 sísàlẹ̀, síbẹ̀ ajá tí wọ́n fi í wẹ̀ nítorí eégbọn kò tíì tán nílẹ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é nílé yín, ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ajá náà, kẹ́ ẹ sì gbé e wá. Atropine ni oògùn tirẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá pẹ́. Ti oògùn eku yàtọ̀: ajá lè jẹ ẹ́ lónìí, kó má ṣe nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ̀jẹ̀ wá máa yọ nímú rẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Fítámínì K1 la fi ń wo ìyẹn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta K3 fún yín dípò rẹ̀, kò wúlò níbẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin tó gbé ẹran lọ, bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ara wọn sì le, ẹ má dààmú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹran tó ṣubú lójijì tó kú kò yẹ ní jíjẹ, ẹ̀ báà dú u kó tó gbẹ́mìí mì. Kí lẹ fẹ́ fi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni, kì í ṣe oògùn kòkòrò? Ẹ sin ín jìn, kí ajá má hú u. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí tí ẹ lè gbé síwájú baálẹ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ lẹ́yìn ikú: ẹ pè wá ká gé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti ohun tó wà nínú ṣàkì, ká dé e pa sínú ìgò, ká fi yìnyín sí i, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Sáyánáìdì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, bí a bá pẹ́, a kò ní bá a mọ́.

Ọmọ tí ìyá wọn kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ó bá ti ń já koríko, ẹ máa fi koríko tútù rírọ̀ àti omi mímọ́ sí iwájú rẹ̀. Bí kò bá tíì máa jẹun, mílíìkì màlúù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, nínú ìgò ọmọdé, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró, kó gbé orí sókè bí ẹni ń mu ọmú ìyá rẹ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá ní ewúrẹ́ mìíràn tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi wọ́n sí i lọ́dọ̀, ẹ máa dì í mú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ó lè kàn wọ́n.