Fánìṣì Tó Hu Funfun Lára Ọkọ̀ Dúdú: Bí A Ṣe Ń Parí Mọ́dẹ̀lì Ọkọ̀ Òkun ní Èkó

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Mo to mọ́dẹ̀lì ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan, pílásítíìkì ni, òṣùwọ̀n 1/350, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 350. Mo kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní pupa, mo kun òkè ní dúdú. Inú pálọ̀ tí éè-sì wà ni mo ti ń ṣe é, àmọ́ ìyàwó mi ò fẹ́ òórùn fánìṣì nínú ilé. Bí òjò ṣe dá lálẹ́, mo gbé e jáde sí báńkónì, mo fín fánìṣì tí kì í dán sí i. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ara dúdú yẹn fi hu funfun. Ṣé kí n bó gbogbo ẹ̀ dànù ni? Ìlà tó wà láàrin pupa àti dúdú náà ò gún. Bí mo bá sì dúró ní Marina tí mo wo àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Apapa, tèmi ò jọ wọ́n, ohun ìṣeré ọmọdé ló jọ.

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì bó nǹkan kan. Ọ̀dà yín ò bàjẹ́, ẹni tó sì ta fánìṣì fún yín ò ta ayédèrú. Omi ni ẹ fín mọ́ ọn.

Ẹnu ara yín lẹ fi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ti wà nínú éè-sì, ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ wá gbé e bọ́ sínú afẹ́fẹ́ alẹ́ Èkó, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ ti rí bí ìgò míńírà ṣe máa ń làágùn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú fíríìjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ yín làágùn, àfi pé omi tirẹ̀ kéré débi tí ojú ò fi lè rí i. Fánìṣì inú agolo wá dá kún un. Tínà inú rẹ̀ a máa yára fẹ́ lọ, bó bá sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru ojú ibẹ̀ lọ, ibẹ̀ á tún tutù sí i, ọ̀rinrin á sì há sínú fánìṣì kó tó gbẹ. Funfun tí ẹ rí nìyẹn. Ohun kejì wà tó máa ń fa irú rẹ̀: fánìṣì tí kì í dán ní ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ nínú, òun ló ń pa dídán. Tí ẹ ò bá mi agolo dáadáa, tàbí tí ẹ fín in nípọn, ìyẹ̀fun yẹn á kóra jọ, á sì funfun lórí àwọ̀ dúdú.

Oògùn kan náà ló ń wo méjèèjì. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ràn dáadáa, ẹ gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú éè-sì ní wákàtí kan ṣáájú, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá wá fánìṣì tó ń dán, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ lò, ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbi tí ojú ò tó lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, fánìṣì tó ń dán yìí á wọ inú èyí tó funfun, dúdú yín á sì padà. Nígbà náà ni kí ẹ fín gbogbo ara ọkọ̀. Ó máa dán yanran, ẹ má bẹ̀rù, fánìṣì tí kì í dán ṣì ń bọ̀ wá parí iṣẹ́. Bí ibì kan bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ fi sáńpépà 2000 olómi rọra fá ojú ibẹ̀, kí ẹ tún ibẹ̀ nìkan kùn.

Ẹnì kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ ra kíríà tí wọ́n ń fín sí mọ́tò ní Mushin, pé òun ló ń dán jù. Irin ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tínà sẹ́lúlóòsì tó máa ń bá a rìn ń jẹ pílásítíìkì. Ojú rẹ̀ á hunjọ, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ sanwó fún á sì yọ́. Èmi náà ń lò ó, àmọ́ orí mọ́dẹ̀lì onígi àti onírin nìkan ni.

Ìyàwó yín jàre lórí òórùn yẹn. Báńkónì ò burú, àsìkò ni ẹ ṣì. Ní Èkó, ìdájí àti alẹ́ ni ọ̀rinrin máa ń pọ̀ jù. Láàrin aago méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán ló máa ń dín kù. Tó bá di oṣù kẹfà àti oṣù keje tí òjò ò dá mọ́, èmi kì í fín fánìṣì tí kì í dán rárá, mo máa ń dúró de ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Ọyẹ́ gbẹ dáadáa, àmọ́ eruku rẹ̀! Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá ti fín in tán, ẹ fi páálí dé e lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń lo kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ tú ìdí táǹkì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí omi tó máa jáde, kí ẹ sì so ike agbomi mọ́ okùn rẹ̀. Kí agbára afẹ́fẹ́ tó ń jáde jẹ́ 15 sí 20 psi, ó ti tó. Ẹ má fín nǹkan kan nítòsí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí sítóòfù gáàsì, torí afẹ́fẹ́ tínà a máa gbaná. Ìbomú aláṣọ ò dá òórùn rẹ̀ dúró o, ẹ ra èyí tó ní èédú nínú.

Ọ̀rọ̀ ìlà wá kàn. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí tábìlì tó tẹ́jú, kó má fì sí ibì kankan. Ẹ fi téépù di pẹ́ńsùlù mọ́ agolo mílíìkì tí ẹ ò tíì ṣí, kí ẹnu pẹ́ńsùlù wà níbi gíga tí ẹ fẹ́ kí omi dé, kí ẹ wá máa ti agolo náà yí ọkọ̀ ká. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Téépù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Téépù tí àwọn akunlé ń lò nípọn, etí rẹ̀ sì ti gba eruku láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ fi abẹ tuntun àti rúlà irin gé etí yẹn dànù, kí ẹ wá gé èyí tí ẹ máa lò ní tẹ́ẹ́rẹ́, bíi 2 mm. Èyí tó fẹ̀ ò ní gbà láti yí síbi imú ọkọ̀, ńṣe ló máa wú sókè. Ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pupa ni ẹ máa bò, dúdú ni ẹ máa fín, àmọ́ kí ẹ tó fín dúdú, ẹ kọ́kọ́ fín pupa díẹ̀ sí etí téépù náà. Ohunkóhun tó bá máa yọ́ wọ abẹ́ téépù, pupa lórí pupa ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Tí dúdú bá ti ń gbẹ àmọ́ tí kò tíì le, ẹ ká téépù sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, ẹ rọra fà á kúrò.

Tiyín tó ti wọ́ nílẹ̀ yìí, ọgbọ́n kan wà tí kò ní gba ọ̀pọ̀ wàhálà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù máa ń ní àmùrè tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin pupa àti òkè, níbi tí omi máa ń dé bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi àwọ̀ eérú tó ṣú fa àmùrè náà, bíi 3 mm, gba orí ibi tó wọ́. Ó máa bo gbogbo ẹ̀. Pupa ìsàlẹ̀ yẹn náà kì í ṣe fáàrí: ọ̀dà tó ní bàbà nínú, tí kì í jẹ́ kí koríko omi àti àwọn ẹ̀dá òkun lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ni wọ́n fi ń kun ibẹ̀, pupa sì ni àwọ̀ bàbà inú rẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá já ẹrù tán ní Apapa tó sì léfòó sókè, pupa ni ẹ máa ń rí.

Kí ló dé tó fi jọ ohun ìṣeré? Ohun àkọ́kọ́, dúdú yín dú jù. Bí ẹ bá wo mọ́dẹ̀lì 1/350 láti mítà kan, bí ẹni ń wo ọkọ̀ gidi láti mítà 350 ni, afẹ́fẹ́ àárín yẹn a sì máa jẹ lára àwọ̀. Ẹ wo ọkọ̀ dúdú tó wà lódìkejì omi lọ́jọ́ tí ẹ bá tún dé Marina: ó ti ń fà sí eérú. Ẹ bu àwọ̀ eérú díẹ̀ sínú dúdú yín. Funfun náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Aureol, ọkọ̀ funfun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951, tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń dárúkọ, kò gbọdọ̀ lo funfun tó mọ́ kedere, ojú ò ní gbà á.

Ohun kejì ni ìnípọn. Ọ̀dà tó nípọn ní 0.1 mm lára mọ́dẹ̀lì yín, sẹ̀ǹtímítà 3.5 ló jẹ́ lára ọkọ̀ gidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára ju ẹ̀ẹ̀kan nípọn lọ.

Ìdógùn-ún ni ohun tó kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti máa ń yá àwọn ènìyàn jù. Ẹ má da ìdógùn-ún bo ọkọ̀; àwọn atukọ̀ a máa kun ọkọ̀ wọn. Ibi tí irin bá ti ń ha irin tí omi sì ń ṣàn ló ti máa ń dógùn-ún: ojú ihò tí ṣéènì ìdákọ̀ró ń gbà, àti ẹnu àwọn ihò tí omi orí ọkọ̀ ń gbà jáde. Orí fánìṣì tó ń dán ni ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ tó pa dídán. Ẹ mú ọ̀dà epo aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán an tíntín sábẹ́ ihò náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ rẹ sínú tápẹ́ńtáìnì tí ẹ sì ti nù dáadáa fà á wálẹ̀ tààrà. Ìlà tó fẹ̀ tó 1 mm, sẹ̀ǹtímítà 35 ni lójú ọkọ̀ gidi, nítorí náà kó tín-ín-rín. Bó bá pọ̀ jù, tápẹ́ńtáìnì kan náà ló máa nù ún kúrò.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bíi ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dà epo kì í yára gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fín fánìṣì tí kì í dán, lọ́sàn-án, kí agolo jìnnà tó 25 cm. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan fánìṣì tó ń dán sí ojú fèrèsé yàrá awakọ̀, torí gíláàsì kì í pa dídán rẹ̀. Àwọn réèlì wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ kẹ́yìn. Bí súpà gúlùù ni ẹ bá fi lẹ̀ wọ́n, ẹ má tíì gbé ọkọ̀ sínú àpótí gíláàsì lọ́jọ́ yẹn, torí èéfín gúlùù náà a máa hu funfun bí ó bá há síbì kan. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.